Omi Apá, Omi Ẹnu

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Iléṣà tí àwọn èèyàn sọ ní Ìwé-Wí. Orúkọ ẹ̀gàn ni. Àwọn tó ń kó aláìsàn wá sí ọsibítù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí o bá bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí o ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe fún èèyàn rẹ, yóò wò ọ́ lójú, yóò ní, "Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀." Kò ní pariwo. Kò sì ní yí i padà.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Fúnmilọ́lá. Ògúnlẹ́yẹ ni orúkọ ilé wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń lọ. Kò ga, kò sanra, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Bí o bá pàdé rẹ̀ níta láìwọ aṣọ iṣẹ́, o ò ní mọ̀ pé òun ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń bẹ̀rù. Èmi náà ì bá má mọ̀ ọ́n, bí kì í bá ṣe ti Mọ́ṣúdù àbúrò mi.

Mọ́ṣúdù ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Òṣogbo. Òun ni ìyá wa bí tẹ̀lé mi. Télọ̀ mìíràn á gbé fóònù sún mọ́ máṣíìnì, á ní kó gbọ́ bó ṣe ń dún, Mọ́ṣúdù á sì ti jókòó sílé sọ ibi tó ń dun máṣíìnì náà. Ó mọ àìsàn irin. Ti ara rẹ̀ ni kò mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó ní ẹ̀jẹ̀ ta ni kì í ru nílùú tí gbogbo nǹkan wọ́n báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn Iléyá èṣí, ó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà láàárọ̀. Télọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Béjidé ní máṣíìnì mẹ́ta tó daṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́ṣúdù tún ọ̀kan ṣe tán, ó bọ́ sí ìdí èkejì, ó na ọwọ́ ọ̀tún kó mú sípánà. Ọwọ́ kò lọ. Béjidé ní òun rò pé eré ló ń ṣe. Nígbà tó wojú rẹ̀, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á bá wa ṣìkẹ́ Béjidé. Kò ní kí a kọ́kọ́ fi òróró pa á lára, kò sì ní kí a jẹ́ kó sùn díẹ̀ bóyá yóò fò lọ. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe Àpìkẹ́, ìyàwó Mọ́ṣúdù.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Àpìkẹ́, àti Lùkúmọ̀n àkọ́bí wọn, ọkùnrin tó ti di baba ọmọ. Láti Òṣogbo títí a fi dé Iléṣà, Àpìkẹ́ kò dákẹ́ tẹ̀sùbáà fífà. A bá Béjidé lẹ́nu ọ̀nà, téèpù tó fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kékeré kan ti bi òun ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ìgbà wo gan-an ni òun rí Mọ́ṣúdù kẹ́yìn tí ara rẹ̀ le? Kì í ṣe ìgbà tó ṣubú o. Ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Àfi ìgbà tí Béjidé rántí pé rédíò ń ka ìròyìn aago mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì náà tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ni Fúnmilọ́lá. Ó mú àga fún mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá la ọ̀rọ̀ yé wa. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, ó sì ní ìbejì ni àìsàn náà. Ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dì, ó dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Ìkejì, iṣan bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ya. Ojú àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n oògùn tó ń gba ti ọ̀kan là lè pa ti ìkejì. Ìdí rẹ̀ tí wọn kò fi fún Mọ́ṣúdù ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí wọ́n fi ya àwòrán orí rẹ̀ nìyẹn. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì ni tirẹ̀. Wọ́n ti wá lo oògùn náà fún un, ṣùgbọ́n ìdí ni wọ́n gbà fi sí i, wọn kò gbà á lẹ́nu.

"Kí ló ṣe ẹnu?" Àpìkẹ́ béèrè.

Ẹnu gan-an ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ètè Mọ́ṣúdù gbẹ bí ewé àgbàdo inú ọyẹ́. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Á tọ́ka sí ẹnu, á wo Àpìkẹ́. Á tún tọ́ka sí ẹnu, á wo èmi. Aláìsàn tó bá béèrè omi, nílé tiwa, ta ni yóò ní kò gbọdọ̀ mu?

Fúnmilọ́lá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè títí Mọ́ṣúdù fi jókòó. Ó bu omi sínú ṣíbí kékeré, ó rọra dà á sí i lẹ́nu. Apá kan gba igun ẹnu ṣàn jáde. Èyí tó kù wọlé, ikọ́ sì gbé Mọ́ṣúdù jìgìjìgì. Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí kúrò.

"Ọ̀fun wọn kò tíì rántí bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì, Màmá. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu wọn. Màá tún un dán wò lọ́la."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò rí i pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni?"

"Mo rí i, mà."

"Ẹ wá fún un lómi."

"Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, mà."

"Ta ló wí?"

"Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀."

Ó gbé páálí kan kọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì. Lùkúmọ̀n kà á fún mi: ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu bàbá yìí wọlé. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì, Nọ́síràtù lórúkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má wulẹ̀ bá a jà. Ìwé-Wí rèé. Bí ìwé bá ní kó má mí, kò ní mí!"

Fúnmilọ́lá kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti òwú bọ omi, ó fẹ́ fi pa Mọ́ṣúdù létè kó lè tù ú lára. Àpìkẹ́ figbe ta.

"Òwú! Òwú tútù! Ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ ni?"

Ní ilé àwa mùsùlùmí Òṣogbo, ẹni tó bá ti kú là ń gbé òwú sún mọ́ lójú báyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà kò mọ̀. Ó wo òwú ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú Àpìkẹ́, ó jù ú nù. Ó mú aṣọ funfun kékeré kan. Èmi náà wo aṣọ funfun yẹn. Ó rí bí mo ṣe wò ó, ó tún fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ti ìka bọ omi, ó sì ń fi ìka náà pa ètè àbúrò mi díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi oyin kan ọmọ tuntun lẹ́nu. Ibẹ̀ ni inú mi ti kọ́kọ́ rọ̀ sí i. Ti Àpìkẹ́ kò rọ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rú, ó tún fi ṣíbí dán an wò. Ikọ́. Ó gbé ṣíbí kúrò. Ìgbà tí oòrùn ti ń mú ni dókítà wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Òkìkí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó wo ahọ́n Mọ́ṣúdù, ó fi ìka méjì fa awọ ara rẹ̀ sókè, ó mi orí.

"Bàbá ti gbẹ jù. Ẹ fún wọn lómi o, Nọ́ọ̀sì. Kó tètè wọlé."

"Ó dáa, sà," ni Fúnmilọ́lá wí. Dókítà bọ́ sí wọ́ọ̀dù kejì, nọ́ọ̀sì sì yára jáde.

Ẹ ò rí ojú Àpìkẹ́! "Àlùhámúdù lílàhì! Ẹ gbọ́ ọ? Ìyá Àgbà, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí?"

"Mo gbọ́ ọ," ni mo wí. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Yorùbá ni, kì í ṣe Òyìnbó.

Láti àná ni Àpìkẹ́ ti fi omi inú ọ̀rá kan pa mọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó fi eyín já a létí. Èmi ni mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn Mọ́ṣúdù, tí mo gbé orí rẹ̀ sókè. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ tèmi ni. Mọ́ṣúdù rí omi, ó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

Ohun tí mo tún rí ni àtẹ́lẹwọ́ tó bo ẹnu náà. Fúnmilọ́lá ti wọlé dé. Ọ̀rá omi ńlá kan àti rọ́bà rẹ̀ tó gbé bọ̀ ti wà nílẹ̀, ó ti fò wọ àárín wa. Omi inú ọ̀rá Àpìkẹ́ dà sí i lọ́wọ́, ó dà sí i láyà.

"Yọ ọwọ́ rẹ kúrò lẹ́nu ọkọ mi!" Àpìkẹ́ kò ráyè ẹ̀yin mọ́.

"N kò ní yọ ọ́, mà. Ẹ kọ́kọ́ gbé omi yẹn kúrò."

"Dókítà ló ní ká fún bàbá mi lómi!" Lùkúmọ̀n ti dìde. "Gbogbo wa la gbọ́. Ṣé ìwọ ju dókítà lọ ni?"

"N kò jù ú lọ." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka ọ̀rá tó wà nílẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè. "Omi tí dókítà wí nìyẹn. Mo lọ gbé e wá ni."

Àpìkẹ́ wo ọ̀rá náà, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀dùn. "Ìyẹn lomi? Ta ló ń mu ìyẹn? Omi ni omi, jàre!"

Nọ́síràtù pàtẹ́wọ́. "Dókítà wí, ìwé wí! Kí àwọn méjèèjì jáde síta, ẹni tó bá dá ẹnì kejì kó wọlé wá fún bàbá lómi."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Lùkúmọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á rí i pé wọ́n lé nọ́ọ̀sì náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ọ̀dájú ni, ó sáré jáde lọ pe dókítà. Ó wá ku àwa obìnrin mẹ́ta nídìí bẹ́ẹ̀dì àti Mọ́ṣúdù tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Omijé yẹn ń ṣàn sórí ọwọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì gbé e kúrò. Mo rọra bi í léèrè.

"Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé omi mímu ni dókítà ní lọ́kàn ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé dókítà ṣì í, Màmá. Màá sọ fún un lójú yín."

Dókítà wọlé, Lùkúmọ̀n ń rojọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Dókítà wo ọ̀rá tó wà nílẹ̀, ó wo aṣọ Fúnmilọ́lá tó tutù. Ó wo ọ̀rá omi mímu lọ́wọ́ Àpìkẹ́. Mo rò pé nọ́ọ̀sì náà ti gbé. Ó wá fi ọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

"Háà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Màmá. Omi tí mo wí, inú apá ló ń gbà. Èmi ni n kò la ọ̀rọ̀ já."

Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún èémí. Ara tó le máa ń ti ilẹ̀kùn èémí nígbà tó bá ń gbé nǹkan mì. Rọpárọsẹ̀ ti fi ilẹ̀kùn Mọ́ṣúdù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìbá ṣe pé omi yẹn wọlé, àárín ẹ̀dọ̀fóró ni ìbá lọ, ibẹ̀ ló ti ń di ibà àti ikọ́ tó ń pa ẹni tí rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pa.

Ọ̀rá bọ́ lọ́wọ́ Àpìkẹ́. Mo wo ọwọ́ mi tó gbé orí àbúrò mi sókè.

Fúnmilọ́lá ti ń nu ilẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, láti òní lọ, omi apá ni kí ẹ máa pè é. Èyí tí à ń mu, omi ẹnu."

"Omi apá, omi ẹnu," dókítà ń wí i lọ bí ọmọ iléèwé, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Nọ́síràtù pàápàá ń bi nọ́ọ̀sì mìíràn pé, "Ti ìyá mi ńkọ́, ti apá ni àbí ti ẹnu?"

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Fúnmilọ́lá lábẹ́ igi níwájú wọ́ọ̀dù, ó ń jẹ ẹ̀wà inú kúlà. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn mi sọ. Ó ní kò tọ́ kí n bẹ òun. Mo jókòó tì í, mo ní:

"Ta ló kú fún ọ?"

"Kí lẹ wí, Màmá?"

Ohun tó mú mi béèrè ni pé nínú gbogbo àlọ́ tí wọ́n pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, èèwọ̀ kan máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kan má wẹ̀yìn, ó wẹ̀yìn. Wọ́n ní kí ìyàwó kan má ṣí ìkòkò, ó ṣí i. Ẹni tó bá wá ń pa èèwọ̀ mọ́ tó báyìí, mo rò pé ó ti ṣí ìkòkò kan rí ni, ó ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fẹ́ pa á lórí.

"Kò sẹ́ni tó kú fún mi, Màmá. Bàbá mi wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, bóyá iyán ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ báyìí. Kò sí ìtàn kankan. Wọ́n kọ́ mi ni, mo sì gbọ́."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn tó kọ ìwé yẹn ló ní òkú. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, òkú àwọn kan ni. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n wo ohun tó pa wọ́n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a má bàa tún sin ẹlòmíràn sórí rẹ̀."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá gbọ́ èèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ní àlọ́. Ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó padà sílé. Ta ni yóò wá pa á lálọ̀ọ́?

Torí náà mo bi í ní ti ilé. Ó ní Micah ni ọkọ òun, tíṣà ni. Àwọn ní ọmọbìnrin kan, Tèmi, tó máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá òun á ka ẹ̀yìn ọ̀rá núdùsù tán kó tó sè é, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀rá jẹ́ ọ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà ni wọ́n ní wọ́ọ̀dù yẹn tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin ti gba ìlú òyìnbó lọ. Òun àti ẹnì kan ló kù fún bẹ́ẹ̀dì méjìlá. Wọ́n ti gbá òun létí rí nítorí ẹ̀kọ mímu. Mo bi í pé kí ló ṣe sí ẹni tó gbá a. Ó ní òun dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi gbé ẹ̀kọ kúrò, lẹ́yìn náà òun lọ sí ilé ìtọ̀, òun sunkún, òun bọ́jú, òun padà.

"Kì í rọ̀ mí lọ́rùn láti bá ẹni tó jù mí lọ fà á, Màmá. Bí Tèmi bá fa ojú ro sí mi báyìí, n kì í lè jẹun."

Ó ti kúlà pa, ó wọlé. Nígbà tí mo bá a wọlé, mo bá Àpìkẹ́ tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo omi apá tó ń kán tó, tó, tó sínú rọ́bà. Wọ́n ti ki rọ́bà tín-ínrín mìíràn bọ imú Mọ́ṣúdù, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà. Àárọ̀ yẹn náà, ṣíbí ti kùnà. Ó ti di ìgbà mẹ́ta. Àpìkẹ́ kò bínú mọ́, ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ìyá Àgbà, bí ọ̀fun rẹ̀ kò bá rántí mọ́ láéláé ńkọ́?"

Mo wo nọ́ọ̀sì. Kò purọ́ fún wa. Ó ní ti ẹlòmíràn máa ń pẹ́, ti ẹlòmíràn sì wà tí rọ́bà imú kì í kúrò mọ́. Ó ní lọ́la, òun á tún gbé ṣíbí wá.

Ó gbé e wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Lùkúmọ̀n ti múra ìrun Jímọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè lọ. Fúnmilọ́lá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó fi ìka méjì lé gògóńgò Mọ́ṣúdù, ó da ṣíbí kan sí i lẹ́nu. Gbogbo wa ń wo gògóńgò náà. Kò mì. A dúró. Ó mì, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ikọ́.

Ṣíbí kejì. Kò sí ikọ́. Ṣíbí kẹta. Àpìkẹ́ ti di etí aṣọ mi mú. Nọ́síràtù fúnra rẹ̀ ti dìde wá wò.

"Kò tíì tán," ni Fúnmilọ́lá wí. "Àfi kí n gbọ́ ohùn wọn. Bí omi bá ṣì wà lọ́fun, ohùn yóò máa hó bí ìkòkò. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nǹkan. Ohunkóhun."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi kò tíì sọ gbólóhùn kan tó yéni. Ó wo nọ́ọ̀sì. Ó wo Àpìkẹ́, ó wo èmi. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"A... a..."

"Ẹ máa wí i, bàbá."

"Ahun," ni Mọ́ṣúdù wí. Ó mí, ó tún un mú. "Ẹ̀yin ahun!"

Nọ́síràtù kígbe ẹ̀rín. Lùkúmọ̀n sáré bọ́ síwájú, ojú ń tì í, ó ní, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí." Fúnmilọ́lá kò gbọ́ tirẹ̀. Ó ti tẹ̀ ba, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu Mọ́ṣúdù.

"Ó gbẹ," ni ó wí. "Kò hó, ohùn yín gbẹ dáadáa. Ẹ tún bú mi, bàbá. Ẹ bú mi kí n gbọ́."